Bàbá wa tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà kò fẹ́ kúrò lóko: kí ni ká ṣe?

ỌmọYàgbà (Ọjọ́ Àìkú, 9:12 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti bí oṣù mẹ́ta. Mo gbé e wá síbí nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣe ṣọ́jà.

Bàbá mi wọṣẹ́ ológun ní 1978. Ó lo ọgbọ̀n ọdún, ó fẹ̀yìntì ní 2008 pẹ̀lú ipò wọ́ráńtì ọ́físà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ́lé sí Kàdúná, àwọn kan sí Èkó. Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí ni bàbá tiwa padà sí. Ó lọ sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó gbin kajú sí bíi héktà mẹ́ta, ó ń kọ ebè iṣu, ó tún ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ọkà bàbà. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nìkan kò lè rán ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé gíga. Oko yẹn ló rán wa.

Ìyá wa kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, oko ni bàbá ń gbé ju ilé lọ. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Orúnkún ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́, ó ń tiro. Tí kajú bá ti ń so, inú abà ló ń sùn ní òun nìkan nítorí àwọn tó ń jí kajú kó lóru. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà oko ṣe rí láyé ìsìnyí, ẹ̀rù àwọn ajínigbé kì í jẹ́ kí n sùn.

Ìlọrin ni mo ń gbé, mo ní yàrá tí mo ti tọ́jú dè é. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, “Wọn kì í kó ṣọ́jà kúrò níbi tó ń ṣọ́ láìsí ẹni tó gbà á sílẹ̀.” Ó bá mú àdá, ó lọ.

Ohun kan tún wà. Ní oṣù Kìíní tó kọjá, ó jókòó síta fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, oúnjẹ kò wọlé sí i lẹ́nu. Àbúrò mi ní ó ń bínú sí wa ni. Báwo la ṣe máa gbé e kúrò lóko láìjà?

Ọmọ_Bùnú (9:40 alẹ́)

Ẹ lọ gbé e. Ẹ má dúró. Àbúrò bàbá mi náà ní òun ò ní kúrò lóko, inú oko náà ni wọ́n ti wá mú un lọ. Ilẹ̀ méjì la tà kí ó tó padà wálé, kò sì tíì padà sípò títí di òní. Tí bàbá bá bínú, ìbínú á rọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́pà (10:05 alẹ́)

Mi ò gbà pẹ̀lú Ọmọ_Bùnú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bá a kẹ́dùn.

Bàbá tèmi ja ogun abẹ́lé, láti 1967 títí ogun fi parí ní 1970. Àgbẹ̀ ló ṣe títí ó fi lé ní àádọ́rin ọdún. Àwa ọmọ kó o lọ sí Èkó, sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Aago márùn-ún àárọ̀ ló ń jí, á wẹ̀, á wọ aṣọ, á jókòó, kò sí ibi tó ń lọ. Ó gbin ilá sínú ike ọ̀dà ní bálíkónì. Tí òjò bá ṣú, á pè mí pé kí n bá òun béèrè nílé bóyá ó ti rọ̀ ní Mọ́pà. Kò lo ọdún kan pé pẹ̀lú wa. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀, nítorí náà mi ò lè ní Èkó ló pa á. Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń kéré sí i lójú mi, ara mi kò sì gbà á dòní.

ÀgbẹKábà (Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀)

Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ ti lílọ àti àìlọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.

Iṣu ló ń pa orúnkún, kì í ṣe kajú. Ẹni tó bá ń kọ ebè, ìdodo rẹ̀ ló ń wo láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo ìwọ̀n ara wà lórí eékún. Ẹ jẹ́ kó fi iṣu sílẹ̀ pátápátá. Ilẹ̀ iṣu yẹn, kí ó fi fún àwọn Ìgbìrà tàbí Tífì tó ń wá ilẹ̀ dá, wọn á máa fún un níṣu lẹ́yìn ìkórè. Tó bá ṣì fẹ́ jẹ iṣu ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó gba alágbàṣe láti kọ ọgọ́rùn-ún ebè péré sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gẹ́ kò nílò rẹ̀ lójoojúmọ́: tí wọ́n bá ti ro ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di ti ìkórè.

Kajú ni kí ó gbájú mọ́. Ní oṣù Kejìlá, kí ó kàn dáná sí abẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, kí èso lè rọrùn láti ṣà.

Alákajú_Ìjùmú (7:02 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n ÀgbẹKábà, mo gba ti iṣu. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni dáná sábẹ́ kajú! Láti oṣù Kọkànlá wọ oṣù Kejì ni kajú ń tanná. Ooru iná lásán tó láti jó òdòdó rẹ̀ dànù, ọdún náà sì lọ nìyẹn. Ewé kajú gbígbẹ a máa jó bíi pé wọ́n da kẹrosíìnì sí i. Mo pàdánù bí ogójì igi lọ́wọ́ iná tí ẹnì kan dá nítorí òkété.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí, kí ọyẹ́ tó dé gidi. Ẹ san owó fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n ro etí oko náà yípo, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà ogún, kí wọ́n gbá gbogbo ewé ibẹ̀ kúrò pátá kí iná ìgbẹ́ má rí ohun tẹ̀ kọjá. Abẹ́ igi fúnra rẹ̀, àdá ni kí wọ́n fi gé koríko rẹ̀.

Ẹ tún ka igi náà. Mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá ló dára láàárín igi kajú, ìyẹn ọgọ́rùn-ún igi lórí héktà kan. Tí héktà mẹ́ta bàbá bá ní ju ọ̀ọ́dúnrún igi lọ dáadáa, àwọn ẹ̀ka á ti wọnú ara wọn, oòrùn kò ní kàn wọ́n, èso á sì dín kù. Ẹ gé èyí tí kò so dáadáa kúrò lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í fẹ́ gé igi tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn, kí ẹ rọra bá a sọ ọ́.

Ní ti olè: ohun tó bá sùn sílẹ̀ ni olè ń rí kó. Èmi náà ti sùn lóko rí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ ni mo kúrò níbẹ̀. Èso tó bá gbó á já fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun igi já a. Kí wọ́n lọ́ kóró náà kúrò lára èso, kí wọ́n kó o lọ sílé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n dà á sínú àpò ìdọ̀họ. Àpò ọ̀rá a máa mú kí ó bu. Tí kò bá sí kóró nílẹ̀ lóru, kí ni bàbá ń sùn tì?

Àwọn tó ń ṣà á fún mi, ìdá mẹ́ta la ń pín in: wọ́n á mú ìdá kan, èmi á mú méjì. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kankan tó bá fẹ́ ra èso tó ṣì wà lórí igi. Ẹni tó gba owó ní oṣù Kejìlá ń kábàámọ̀ ní oṣù Kẹta.

Ará_Lọ́kọ́ja (12:31 ọ̀sán)

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Ìyá ti kú, ṣé orúkọ ìyá kọ́ ni bàbá kọ sílẹ̀ pé òun ni àrólé rẹ̀? Ẹ tètè lọ yí i padà. Mo rò pé PTAD l'Ábújá ni ẹ máa lọ, àwọn ló wà fún àwọn tó fẹ̀yìntì.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀ (1:48 ọ̀sán)

Mo fẹ́ mọ ohun tí bàbá ń lò fún orúnkún yẹn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ wa ló ń ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, wọ́n á gbé e mì láàárọ̀ kí wọ́n tó mú ọkọ́, wọ́n á tún mu àgbo inú ọtí lé e lórí. Diclofenac àti ibuprofen, tí èèyàn bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù kí wọ́n ya àwòrán orúnkún náà, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọsibítù ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ kò jìnnà sí yín.

Ó dáa kí ó máa lo ọ̀pá. Ọwọ́ òsì ni kí ó fi mú un, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú un sí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn, kò sì ní ràn wọ́n lọ́wọ́ bó ṣe yẹ.

Ti oṣù Kìíní yẹn kò jọ ìbínú létí mi. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í jẹun, tí oorun kì í kùn, àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè wà níbẹ̀. Ikú ìyàwó wà níbẹ̀, ogun sì lè wà níbẹ̀. Ó ní ìtọ́jú. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ ya àwòrán, ẹ má fi pamọ́.

Ológun_Àná (8:15 alẹ́)

Ọmọ mi, okun. Èmi náà ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Ìjùmú ni mo wà báyìí, mo ń gbin ẹ̀gẹ́, mo sì ń tọ́jú kọfí díẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ti Ará_Lọ́kọ́ja ṣe. PTAD kì í ṣe ti ológun. Military Pensions Board ni tiwa, l'Ábújá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni darí yín lọ sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n ti yọ ológun kúrò nínú ètò yẹn láti 2011. Kí ẹ mú ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ìwé ikú ìyá, àti káàdì ìdánimọ̀ bàbá dání, kí ẹ béèrè ohun tó kù lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Ìwé ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tọ́jú sínú abà tí iná lè jó.

Mo fẹ́ béèrè ohun kan: ṣé bàbá rẹ lọ sí Freetown, ní Sierra Leone, pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà?

Mo béèrè nítorí oṣù Kìíní tí o sọ. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní 1999 ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ Freetown. Mo wà níbẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tó ti kú á tún dé, 15 oṣù Kìíní, wọ́n á yin ìbọn, wọ́n á ju ẹyẹlé sókè, àwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́. Àárín àkókò yẹn náà ni wọ́n ń sun ìgbẹ́ nílẹ̀ wa. Ṣé ẹ ti gbọ́ bí ọparun ṣe ń ké nígbà tí iná bá dé ìdí rẹ̀? Gbàù, gbàù, á dákẹ́, á tún ṣe gbàù. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo padà wálé, ilẹ̀ ni mo bá ara mi, mo dojú bolẹ̀ láàárín ebè, ìyàwó mi dúró tì mí pẹ̀lú agbọ̀n lórí rẹ̀, ó ń wò mí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó dúró títí mo fi dìde. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún dídúró yẹn.

Ẹ ń béèrè ìdí tí a kì í fi í fẹ́ kúrò lóko. Kí a tó fẹ̀yìntì, wọ́n kó wa lọ sí ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn ológun ní Òṣòdì fún oṣù mẹ́fà kí á kọ́ iṣẹ́ tí a ó máa ṣe. Ẹja sísìn ni mo mú. Mo dé ilé, mo gbẹ́ adágún, mo da ọmọ ẹja sí i. Oṣù Kejì dé, odò tó ń bọ́ ọ gbẹ, ẹja kú. Ẹ̀gẹ́ ni mo padà sí, iṣẹ́ tí mo mọ̀ kí n tó mọ ìbọn. Ohun tí mo rí lóko tí mi ò rí níbòmíràn ni pé mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí mo bá gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ ló ń hù. Mo dúró sí orí ilẹ̀ gíga kan, mo rí gbogbo etí oko mi, mo mọ ẹni tó ń bọ̀. Nínú ilé tí ògiri yí ká ní ìgboro, tí ọ̀kadà ń bú lójú pópó, mi ò lè sùn.

Ní ti ọ̀rọ̀ tó sọ fún yín, ẹ gbọ́ ọ bí agídí. Mo gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ṣọ́jà. Ó ní wọn kì í kúrò níbi tí wọ́n ń ṣọ́ láìsí ẹni tó gbà wọ́n sílẹ̀. Kò ní òun ò ní kúrò o. Ó ní ẹ mú ẹni tó máa gba ipò òun wá! Ta ni ẹ mú wá? Yàrá l'Ìlọrin ni ẹ mú wá.

Ẹ wá ẹnì kan nínú ẹbí, kí ó jẹ́ ọ̀dọ́ tó lè gba àṣẹ láìjiyàn. Kí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ mú un yí oko ká, kí ó fi ààlà hàn án, kí ó ka igi lé e lọ́wọ́. Kí ó rí i fún oṣù kan tàbí méjì pé ọmọ náà ń jí. Kòkòrò kan wà tó ń gé ẹ̀ka kajú bíi pé ayùn ni wọ́n fi gé e. Kí bàbá máa rìn kiri pẹ̀lú ọ̀pá, kí ó máa fi ẹ̀ka tó já hàn wọ́n kí wọ́n kó o jáde lọ sun, nítorí inú rẹ̀ ni ẹyin kòkòrò náà wà. Iṣẹ́ ojú ni, kò nílò orúnkún púpọ̀.

Ẹ má yọ sí i láti ẹ̀yìn. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì bi í léèrè ohun tó rí lójú ogun. Tó bá fẹ́, á sọ.

ỌmọYàgbà (10:57 alẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo ka tiyín fún ọkọ mi, ohùn mi sì ń gbọ̀n títí mo fi parí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lọ sí Freetown. Mo wà ní pírámárì nígbà náà. Ìyá wa a máa tan rédíò sílẹ̀ lóru. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó so oṣù Kìíní pọ̀ mọ́ ọn rí.

Nọ́ọ̀sì, òótọ́ ni, ó ń lo oògùn alápò pupa kan pẹ̀lú àgbo. Mi ò mọ̀ pé ó léwu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tó parí ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kábà, tí kò tíì rí iṣẹ́. Màá bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Bùnú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀)

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Ológun_Àná, ẹ̀kọ́ ńlá ni mo rí kọ́. Síbẹ̀, àwọn ajínigbé kò ní bi bàbá léèrè bóyá Freetown ló ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ń rìn lọ sóko ní ọ̀nà kan náà, ní aago kan náà lójoojúmọ́, ó ti sọ ara rẹ̀ di ohun tí wọ́n lè ṣọ́. Ọmọ tí ẹ bá sì fi rọ́pò rẹ̀ náà ní ẹ̀mí kan ṣoṣo.

Ológun_Àná (6:33 àárọ̀)

Òótọ́ lo sọ, mi ò lè jiyàn rẹ̀. Oorun oko ní láti dópin, ti bàbá àti ti ọmọ. Kí wọ́n máa lọ ní ẹgbẹ́, àwọn olóko tó bá ara wọn pààlà, kí wọ́n padà kí oòrùn tó wọ̀, kí ọdẹ àti fijilanté àdúgbò mọ ọjọ́ tí wọ́n lọ. Àwọn baba wa ṣe àáró, èèyàn kì í dá nìkan lọ sóko ọ̀nà jíjìn. Tí àwọn olórí ìlú bá ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí apá kan fún ìgbà díẹ̀, kí bàbá rẹ gbọ́ràn. Sọ fún un pé àṣẹ ni. Ọmọ Yàgbà, mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí ọ ní kọ̀rọ̀. Fún un.

ỌmọYàgbà (ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:44 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní kí n jábọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti wà ní Ìsánlú láti ìparí oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ kẹta tó dé ni bàbá kọ orúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ iṣẹ́ sórí páálí, ó kàn án mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn abà. Wọ́n ro etí oko yípo, bí Alákajú ṣe wí. Iná ìgbẹ́ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ráyè wọlé. Igi tí wọ́n kà lé ní irínwó. Bàbá gbà kí wọ́n gé ogún péré, ó ní kí a sinmi ná.

Mo gba ìsinmi, mo kó àwọn ọmọ lọ sílé ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní. Ní ọjọ́ kẹfà, Bàbá Ológun_Àná pè é. Wọ́n wà lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, Èdè Haúsá ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ó béèrè oúnjẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ọjọ́ méjì ló tún fi dákẹ́, a jókòó tì í ni.

A ti lọ sí ọsibítù, wọ́n ti yí oògùn padà. Ó kọ̀ láti sọ ti oorun rẹ̀ fún dókítà, èmi ni mo sọ ọ́. Wọ́n ní kó padà wá, kò tíì lọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ìfẹ̀yìntì, oṣù tó ń bọ̀ la máa lọ sí Àbújá. Ilé ló ń sùn, àyàfi òru méjì tó fi tàn wá, Ọmọ_Bùnú, mo bá a jà lórí ìyẹn.

Kajú ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Alákajú, àpò ìdọ̀họ mélòó ni ká rà fún irínwó igi, ibo la sì ti lè rí ojúlówó?

Alákajú_Ìjùmú (8:20 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ má ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́wàá, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣà ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò èyí tó kù. Ní ọjà Kábà ẹ máa rí i. Ẹ wò ó dáadáa kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti kó iyọ̀ sí rí. Kí bàbá fọwọ́ kàn án fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.